Ẹni Tó Jìn sí Kòtò Ń Ya Fọ́tò

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré: ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn bàbá wa gbà pé bí ẹnì kan bá kó sí wàhálà lójú ọ̀nà, ariwo rẹ̀ yóò dé etí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, onítọ̀hún yóò sì yà fún kòtò náà. Láyé tiwa yìí, ẹni tó jìn sí kòtò kì í pariwo mọ́. Ó ń gbọn erùpẹ̀ aṣọ rẹ̀ dànù, ó ń gbé fóònù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ya fọ́tò. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí fọ́tò náà, á ní ibẹ̀ mà dára o, á sì sáré kí òun náà lè tètè débẹ̀.

Kòtò tí mò ń sọ ni àwọn ibùdó ìgbafẹ́ orí erékùṣù tí wọ́n ń polówó fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ nígbàkúgbà tí ìdánwò bá ti ń parí lọ. N kò sọ pé gbogbo wọn ni kòtò. Àwọn kan wà nínú wọn tó ń ṣe iṣẹ́ wọn bí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mi ni pé a kò lè mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, àwọn tó ti lọ ni kò sì jẹ́ ká mọ̀.

Mo ń kọ èyí nísinsìnyí torí pé àwọn àbúrò wa ní ọdún kejì ti bẹ̀rẹ̀ àjọ. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dá a, wọ́n fẹ́ fi lọ sí erékùṣù lẹ́yìn ìdánwò. Owó tí àwọn kan ń dá síbẹ̀, owó oúnjẹ ni. Mo mọ èyí tó jẹ́ pé owó ọ̀kadà rẹ̀ ló ń fi dá àjọ náà, ó wá ń fẹsẹ̀ rìn láti Kẹ́mta lọ síbi tó ti máa wọ ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀. Owó tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pa mọ́ kì í ṣe owó tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí, kí ẹ má bàa rò pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwa méjìlá láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa lọ sí ibùdó ìgbafẹ́ kan lórí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà nítòsí Èkó. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìpolówó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp sọ pé ₦65,000 ni owó ẹnì kọ̀ọ̀kan fún oru méjì. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi àlọ àti àbọ̀ wà nínú rẹ̀, yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù fún ẹni méjìméjì wà nínú rẹ̀, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, oúnjẹ àárọ̀ àti iná tọ̀sántòru. Wọ́n ní ká san gbogbo owó náà ṣáájú, a sì san án.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká tó wà ní Láderin. Àkókò ìgbéra, nọ́ńbà ìjókòó àti iye owó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì wa. Láti Èkó ni nǹkan ti yí padà. Ní èbúté, wọ́n ní ká dúró, a sì dúró fún nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ẹ̀wù amúniléfòó, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kò tó wa. Mẹ́sàn-án ló wà fún àwa méjìlá, okùn méjì nínú wọn sì ti já. Ọlọ́kọ̀ ní kò jìnnà, pé kí àwọn tó mọ omi wẹ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Bí a ṣe gúnlẹ̀ ni wọ́n gba ₦3,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ẹnubodè, wọ́n tún gba ₦5,000 lórí kúlà tí a kó omi sí. Kò sí èyíkéyìí nínú owó méjèèjì yìí nínú ìpolówó. Yàrá ẹni méjì di ti ẹni mẹ́rin, wọ́n ní àwọn àlejò mìíràn ti gba àwọn tó kù. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà lóòótọ́, àmọ́ omi inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewéko. Gẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ láti aago méje alẹ́ dé aago mọ́kànlá, lẹ́yìn náà, ó ku àwa àti ẹ̀fọn. Oúnjẹ àárọ̀ ni ègé búrẹ́dì méjì àti ife tíì kan. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ̀ tó yẹ kó wá gbé wa ní aago mẹ́ta ọ̀sán dé nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Orí omi ni ilẹ̀ ṣú mọ́ wa sí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ́ ni mò ń bá wí. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wá bẹ̀ wá títí, ó ní òun náà kò tíì rí owó oṣù gbà. Ìyà tó jẹ wá jẹ ẹ́ jù wá lọ, torí àwa ní ọjọ́ tí a máa padà sílé.

Ohun tó dùn mí jù lọ kò ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù rárá. Ọjọ́ Ajé ló ṣẹlẹ̀, nígbà tí a ti dé Abẹ́òkúta. Igun kan wà níbẹ̀ tí igi àgbọn mẹ́ta dúró sí lórí yanrìn, tí òkun wà lẹ́yìn wọn. Igun yẹn nìkan ló jọ ìpolówó. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, fọ́tò tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti gbé sórí Instagram àti WhatsApp ti lé ní ogójì, igun yẹn ni gbogbo wọn. Kò sí adágún ewéko níbẹ̀, kò sí ègé búrẹ́dì méjì, kò sí yàrá ẹni mẹ́rin. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ayé dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àbúrò kan fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ san níbẹ̀? Àwa náà fẹ́ lọ." Mo sọ bó ṣe rí fún un. Ó wo fóònù rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ṣùgbọ́n inú àwọn tó kù dùn nínú fọ́tò o." Kò gbà mí gbọ́. Mi ò sì bá a wí, torí ẹnu ẹnì kan kò lè borí ogójì fọ́tò.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ta ló ń ta èké yìí? Ẹni tó ni ibùdó ìgbafẹ́ ló kọ́kọ́ tà á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti rẹ́ jẹ ni wọ́n ń bá a pa ọjà náà kiri, lọ́fẹ̀ẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Èrò mi ni pé ẹni tí wọ́n tàn jẹ, tó wá fi fọ́tò dídùn bo ìtànjẹ náà mọ́lẹ̀, ti kúrò ní ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ nìkan. Ó ti di alágbàtà. Ọ̀rọ̀ náà le, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ ìdí tí a fi ń ṣe é. Ìtìjú ni. Ẹni tó ti sọ fún gbogbo họ́ọ̀lù pé òun ń lọ sí erékùṣù kò fẹ́ padà wá sọ pé òun sùn nínú ooru. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní mùgùn. Ẹlòmíì gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, báwo ló ṣe máa sọ fún un pé owó náà bómi lọ? Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó máa ń ti ẹnu wọn jáde ni, "Ẹ fi sílẹ̀, Ọlọ́run máa ṣèdájọ́." Ọlọ́run á ṣèdájọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà yẹn, àwọn ọmọ ọdún kejì máa ti sanwó.

Ẹ wo bí a ṣe ń ra nǹkan nílé wa níbí. Ẹ lọ sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú. Kò sí ìyá aláàdìrẹ tó máa ní kí ẹ sanwó kí òun tó fi aṣọ hàn yín. Ẹ máa tú u, ẹ máa fọwọ́ pa á, ẹ máa yí i padà láti mọ̀ bóyá aró náà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa ná an, ẹ máa ṣe bí ẹni tó ń lọ, wọ́n á sì pè yín padà. Ojú ló ń ṣáájú, owó ló ń kẹ́yìn. Ẹ tún lọ sí Olúmọ. Ẹ̀rọ agbénigòkè tí wọ́n fi síbẹ̀ nígbà àtúnṣe ọdún 2006 kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́, èyí kì í ṣe àṣírí láàárín àwa ará Abẹ́òkúta. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Kẹ́mta. Àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá dì nígbà tí wọ́n tẹ̀dó síbí ní 1830 kò ní lọ ibì kan.

Ní erékùṣù, ọ̀rọ̀ náà dorí kodò. Owó ló ń ṣáájú, ojú ló ń kẹ́yìn, nígbà tí ojú bá sì máa rí i, omi ti wà láàárín ẹni àti ilé. Ohun tó mú kí ibùdó ìgbafẹ́ orí erékùṣù yàtọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì ìgboro nìyí. Bí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Abẹ́òkúta bá fi owó kún owó lójijì, ẹ lè gbé báàgì yín, kí ẹ sọdá títì lọ sí òmíràn. Ní erékùṣù, kò sí títì, kò sí afárá, ọkọ̀ tó máa gbé yín padà sì wà lábẹ́ àṣẹ ẹni tí ẹ ń bá jà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè béèrè owó kúlà lọ́wọ́ yín. Wọ́n mọ̀ pé ẹ kò ní ibi tí ẹ máa gbà lọ.

Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Amẹ́ríkà, George Akerlof, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1970 lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù, irú èyí tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀. Ó ní bí ẹni tó ń rà kò bá lè mọ ọkọ̀ tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́ nínú, iye owó àárín méjì ni yóò fẹ́ máa san. Iye yẹn kéré jù fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára, nítorí náà yóò gbé e kúrò lọ́jà. Iye yẹn kan náà dùn mọ́ ẹni tí tirẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí náà òun yóò dúró. Díẹ̀díẹ̀, kìkì ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ló máa kù. Irú iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2001, pẹ̀lú Michael Spence àti Joseph Stiglitz.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá sí erékùṣù. Ká ní ibùdó kan ra ẹ̀wù amúniléfòó tó tó gbogbo àlejò, ó ń bu epo sí gẹnẹrétọ̀ tọ̀sántòru, ó ń san owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lásìkò. Kò lè gba ₦65,000 kó má jẹ gbèsè. Ó lè jẹ́ ₦100,000 ni yóò béèrè. Èyí tó ń purọ́ lè gba ₦65,000, èrè rẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Fọ́tò àwọn méjèèjì rí bákan náà: àgbọn, yanrìn, òkun. Èwo la máa mú? Èyí tó pọ́ọ́kú ni. Olóòótọ́ á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, onírọ́ á fi yàrá kún yàrá. Nítorí náà, bí a bá ń fi irọ́ wọn pa mọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òdodo nínú iṣẹ́ yẹn gan-an là ń ṣe níkà. Àwọn aláàdìrẹ wa mọ èyí dáadáa. Nígbà tí aṣọ títẹ̀ láti òkè òkun tó ya àwòrán àdìrẹ sára bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà, wọn kò dákẹ́. Wọ́n pariwo, wọ́n ń kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń dá ojúlówó mọ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ló ń pa ọjà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹrin 2017, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti Amẹ́ríkà wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí erékùṣù Great Exuma ní orílẹ̀-èdè Bahamas fún àríyá kan tí wọ́n ń pè ní Fyre Festival. Billy McFarland àti olórin Ja Rule ló gbé e kalẹ̀. Àwọn gbajúmọ̀ orí Instagram ló bá wọn polówó rẹ̀, ìpolówó náà sì sọ pé Pablo Escobar ló ni erékùṣù náà nígbà kan rí. Nígbà tí àwọn àlejò débẹ̀, àgọ́ irú èyí tí wọ́n ń pa fún àwọn tí àjálù bá ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ òkúta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin tí wọ́n ṣèlérí kò sì wá. Ohun tó tú àṣírí náà fún gbogbo ayé ni fọ́tò kan tí ọ̀kan nínú àwọn àlejò yà: ègé búrẹ́dì tí wọ́n tẹ́ wàrà lé, pẹ̀lú ewé díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ike funfun. Fọ́tò kan tó sọ òótọ́ borí ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó purọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2018, adájọ́ kan ní New York rán McFarland lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà fún jìbìtì.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ará erékùṣù náà. Maryann Rolle, ìyá kan tó ní ilé oúnjẹ ní Exuma, ló ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ àríyá yẹn. Kò rí owó rẹ̀ gbà, owó tó ti fi pamọ́ ló fi san owó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ọdún 2019, lẹ́yìn tí fíìmù méjì ti jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ni àwọn ènìyàn tó dá owó tó lé ní $200,000 jọ fún un. Ẹ kíyè sí i pé òtítọ́ tí wọ́n sọ ló ràn án lọ́wọ́. Bí gbogbo àlejò bá ti fi fọ́tò dídùn bò ó mọ́lẹ̀, ta ni ìbá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́ lówó?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní nǹkan ti wọ́n, kí n má ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Mo gbà pé nǹkan wọ́n. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 kọjá ₦450 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì tíì padà sẹ́yìn láti ìgbà náà. Ibùdó orí erékùṣù ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé oúnjẹ, omi mímu, epo gẹnẹrétọ̀, àní títí dórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń mọ ilé. Mi ò bá wọn du owó yẹn. Ṣùgbọ́n bí epo bá wọ́n, ohun tó yẹ ni kí ènìyàn gbé iye owó rẹ̀ sókè kó sì sọ ọ́ jáde, tàbí kó kọ ọ́ sínú ìpolówó pé aago mọ́kànlá alẹ́ ni iná ń lọ. Àwọn tó lè fara dà á á lọ, àwọn tí kò lè fara dà á á jókòó sílé. Ọ̀wọ́n epo kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ "tọ̀sántòru" síbi tó yẹ kó kọ "wákàtí mẹ́rin".

Ní ti bíba ọjà jẹ́, ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ẹ̀rí. Ẹni tó bá sọ pé "ibẹ̀ burú" lásán ti ba ọjà jẹ́. Ẹni tó bá sọ pé "ẹ̀wù mẹ́sàn-án ló wà fún ènìyàn méjìlá" ti sọ ohun tí ẹni tó ni ibẹ̀ lè tún ṣe lọ́la.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ló gbé àjọ FCCPC kalẹ̀. Òfin náà sọ pé ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ fi iye owó hàn, oníbàárà kò sì gbọdọ̀ san ju iye tí wọ́n fi hàn lọ. Ó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé yàrá tó ti gbà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onílé lè yọ owó tó mọ níwọ̀n níbẹ̀. Ó sọ pé iṣẹ́ tí a sanwó fún gbọ́dọ̀ wáyé lásìkò, kó sì dára tó bó ṣe yẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá lára owó náà padà. Àjọ FCCPC sì ti sọ ọ́ léraléra pé àkọlé "a kì í dá owó padà" tí àwọn oníṣòwò ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò bá òfin mu. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀tọ́ yìí nílò ẹ̀rí: ìpolówó tí wọ́n fi ránṣẹ́, ìwé ẹ̀rí owó, fọ́tò bí nǹkan ṣe rí gan-an. Fọ́tò igun àgbọn kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni, àyàfi ẹni tó ń purọ́.

Ọ̀rọ̀ omi sì ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 2024, òṣèré Nollywood tí gbogbo wa mọ̀, Junior Pope, kú sínú omi pẹ̀lú àwọn mìíràn nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Kò sí ẹ̀wù amúniléfòó lára rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo Nàìjíríà ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wù náà, lẹ́yìn náà a gbàgbé. Àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ àti LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó ní gbogbo èrò ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, wọn kò sì fọwọ́ sí ìrìn alẹ́ lórí omi. Ẹ tún fi sọ́kàn pé òkun kò rí bákan náà níbi gbogbo. Omi Tarkwa Bay tutù díẹ̀ torí ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sí ẹnu èbúté Èkó ń dáàbò bò ó. Ibi tó bá kọjú sí òkun gbalasa, ìgbì ibẹ̀ lè fa ẹni tó mọ omi wẹ̀ lọ. Fọ́tò kì í fi ìgbì hàn.

Kí la máa wá ṣe? N kò ní kí àwọn àbúrò wa má lọ. Ẹni tó ti ka ìwé láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn yẹ kó rí òkun. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́.

Èkíní, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ìdáhùn wọn sì wà ní kíkọ: èló ni gbogbo owó, tó fi mọ́ ti ẹnubodè àti ti ẹrù? Ẹni mélòó nínú yàrá kan? Láti aago mélòó sí aago mélòó ni iná? Ẹ̀wù amúniléfòó mélòó ló wà nínú ọkọ̀? Aago mélòó lọ́sàn-án ni ọkọ̀ àbọ̀? Ta ló ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀ lókun? Ẹni tó bá ń bínú sí ìbéèrè ti dáhùn.

Èkejì, kí ẹ má san gbogbo owó ṣáájú. Ẹ san díẹ̀, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ojú yín bá ti rí yàrá. Ènìyàn méjìlá tó kó ₦65,000 jọ ti ní ₦780,000 lọ́wọ́. Oníbàárà tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè dúnàádúrà. Tí ibùdó kan bá kọ̀, ẹ gbé owó yín lọ sí òmíràn.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Mo ń bẹ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa pé kí wọ́n yọ̀ǹda ojú ìwé kan fún wa nínú ìwé ìròyìn yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó bá lọ sí ibùdó ìgbafẹ́, ìbáà jẹ́ ti erékùṣù, ìbáà jẹ́ ti òkè, kọ ohun mẹ́rin síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó bá dé: ohun tí wọ́n ṣèlérí, ohun tó bá níbẹ̀, àpapọ̀ owó tó ná, bí ọkọ̀ ṣe rí. Kí ó má bú ẹnikẹ́ni, kí ó má sì pọ́n ẹnikẹ́ni lásán. Bí ibẹ̀ bá dára, kó kọ ọ́ ketekete, torí olóòótọ́ yẹ kó rí oníbàárà. Bí kò bá dára, kó fi fọ́tò adágún ewéko sí ẹ̀gbẹ́ ti àgbọn. Ìtìjú á dín kù nígbà tí a bá rí i pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni nǹkan ṣe, àwọn tó ń tajà á sì mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́òkúta máa ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Àjọ àwọn ọmọ ọdún kejì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó pé. Àkókò ṣì wà láti béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ní ọdún kẹta àti kẹrin, ẹ mọ ohun tí ẹ rí. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn tó pé.